Irun Tó Ń Ṣẹ́ Lórí Ọmọ Láti Ìgbà Ìbí: Kì Í Ṣe Dàda, Kì Í Ṣe Èpè

Bí obìnrin bá bímọ, ohun tí àwọn àgbà ilé kọ́kọ́ ń wò lára ọmọ náà kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Wọn yóò wo ojú rẹ̀ bóyá bàbá ni ó jọ tàbí ìyá, wọn yóò ka ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn yóò sì fọwọ́ kan orí rẹ̀. Nígbà mìíràn, irun tí wọ́n bá bá lórí ọmọ ni yóò sọ orúkọ tí wọn yóò pè é, nítorí ọmọ tí irun rẹ̀ bá ta kókó, tí ó wé mọ́ra láti inú ìyá rẹ̀ wá, Dàda ni Yorùbá ń pè é.

Ṣùgbọ́n irun mìíràn wà tí í bá ọmọ wáyé, tí kì í ṣe irun dàda. Irun yìí kì í gùn. Bí ó bá ti hù díẹ̀ ni yóò ṣẹ́, tí ìpàkọ́ ọmọ yóò sì dà bí ibi tí wọ́n fi abẹ fá tí wọn kò fá a tán. Ìyá ọmọ yóò ra àdí, yóò ra òróró àgbọn, yóò ra oríṣiríṣi ìpara tí wọ́n ń kiri lọ́jà, irun kò ní gùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan yóò ní ìyá náà jẹ èèwọ̀ nígbà tí ó lóyún, ẹlòmíràn yóò ní ayé ló fọwọ́ kan orí ọmọ náà, ìyá ọkọ yóò sì ní kò sí irú rẹ̀ rí ní ìdílé àwọn.

Obìnrin tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá bá ní Snake Island, erékùṣù gígùn tí ó wà láàárín omi Èkó, tí ó dojú kọ Àpápá àti Tin Can, tún ní ìṣòro kan lé e. Ìrísí erékùṣù náà, tí ó gùn tí ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù omi wà níbẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ yóò sì bọ́ sọnù. Ìyá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí irun tó ń ṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi sùúrù wò nílé, àti ìgbà tí ó jẹ́ àmì àìsàn tó fara pamọ́ sínú ara, èyí tí kò ní dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

DÀDA KÌ Í ṢE ÀÌSÀN

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dàda kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Dàda, gẹ́gẹ́ bí Ìgè, Àjàyí àti Òjó ṣe jẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson kà á mọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ìtàn sì sọ pé Dàda ni wọ́n tún ń pe Àjàká, Aláàfin Ọ̀yọ́ tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Ṣàǹgó. Láyé àtijọ́, òòyà kì í kan orí ọmọ dàda, abẹ kì í sì í kàn án bí wọn kò bá tíì ṣe ètò tó yẹ. Wọ́n máa ń so owó ẹyọ mọ́ irun rẹ̀, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un lówó.

Lójú ìmọ̀ ìṣègùn, kò sí àbùkù lára irun dàda. Okùn irun kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ lágbára láti ìdí dé ṣóńṣó, wíwé tí wọ́n wé mọ́ra ni ó sọ wọ́n di ìdì. Ẹ̀rí pé wọ́n lágbára ni pé wọ́n ń gùn. Ìyàtọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú rí láì ná kọ́bọ̀ nìyí: irun dàda a máa wé, a sì máa gùn, ṣùgbọ́n irun tí àbùkù wà nínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ kì í lè gùn, nítorí pé kí ó tó gùn ni ó ti ṣẹ́.

Nítorí náà, òbí tó bá ń pe irun tó ń ṣẹ́ ní dàda, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò nítorí èèwọ̀, ń fi orúkọ oyè bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni.

BÍ IRUN ṢE RÍ

Inú awọ orí ni irun ti ń hù. Ihò tóóró kan wà fún okùn irun kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ ihò yìí nìkan ni irun sì ti wà láàyè. Èyí tó yọ síta ti kú, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dun ènìyàn bí wọ́n bá gé irun rẹ̀. Okùn irun tó wà lórí ènìyàn kan tó nǹkan bí 100,000, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ márùn-ún, okùn kọ̀ọ̀kan sì ń gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 láàárín oṣù kan.

Kẹ́rátíìnì ni orúkọ èròjà tí irun fi ń lágbára, òun náà ló wà nínú èékánná ènìyàn àti ìwo ẹran. Okùn tín-ín-rín rẹ̀ lọ́ mọ́ra gẹ́gẹ́ bí apẹja ṣe ń lọ́ okùn, imí ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ sì dà bí kókó tí apẹja fi ń so ojú àwọ̀n pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìpele kan tún wà níta tó bo gbogbo rẹ̀, tí ó tò léra bí ìpẹ́ ẹja. Bí okùn inú kò bá lọ́ dáadáa, bí kókó kò bá ká ojú ibi tó yẹ, tàbí bí ìpẹ́ òde kò bá bò ó tán, irun náà yóò hù, ṣùgbọ́n kò ní lè dúró.

Irun ènìyàn dúdú máa ń wé ju ti àwọn òyìnbó lọ, nítorí pé okùn rẹ̀ kò rí róbótó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ díẹ̀, ihò tó ti ń hù jáde sì tẹ̀ lábẹ́ awọ. Kò sí àbùkù nínú èyí. Àmọ́ irun bẹ́ẹ̀ máa ń tètè ta kókó, ó sì máa ń ṣẹ́ bí wọ́n bá fi agbára yà á. Ìdí nìyí tí kò fi rọrùn láti fi ojú lásán dá irun alábùkù mọ̀ lórí ọmọ dúdú, tí ó sì fi yẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ mọ ohun mìíràn tí wọn yóò máa wò.

IRUN TÓ RÍ BÍ ÌLẸ̀KẸ̀

Èyí tí àwọn dókítà awọ ara ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù nínú àwọn àbùkù yìí ni monilethrix. Èdè Látìnì àti èdè Gíríìkì ni wọ́n fi ṣe orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni irun tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Walter Smith, dókítà kan ní ìlú Dublin ní orílẹ̀-èdè Ireland, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1879. Bí wọ́n bá fi okùn kan lára irun náà sábẹ́ máíkíróskóòpù, yóò wú níbì kan, yóò sì rù níbòmíràn, yóò tún wú, yóò tún rù, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá sin ìlẹ̀kẹ̀ sínú okùn. Ibi tó rù yẹn ni ó ti ń ṣẹ́.

Irun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wáyé sábà máa ń dára. Láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tí irun ọmọ tuntun bá re tán tí òmíràn sì ń hù rọ́pò rẹ̀, ni àbùkù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ìpàkọ́ àti ọrùn ni ó ti máa ń pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni orí ọmọ ti ń ra pákí mọ́ ẹní tàbí ìrọ̀rí. Awọ ibẹ̀ yóò tún yọ kókó wínníwínní, tí yóò rí ṣákiṣàki bí wọ́n bá fọwọ́ pa á.

Ní 1997 ni àwọn onímọ̀ rí i pé àbùkù inú àwọn jíìnì tí ara fi ń ṣe kẹ́rátíìnì irun ló ń fa monilethrix. Àìsàn yìí kì í pa ènìyàn, kì í sì í ba ọpọlọ jẹ́. Irun ẹlòmíràn máa ń sàn díẹ̀ bí ó bá ti ń dàgbà, pàápàá nígbà tí ó bá bàlágà, irun obìnrin mìíràn sì máa ń dára sí i nígbà tó bá lóyún. Ìtìjú àti ẹ̀gàn àwọn ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń dun ẹni tó ní in jù.

Èyí tó fara jọ ọ́ ni irun tí kò gba òòyà, tí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ṣàpèjúwe ní 1973. Okùn irun yìí kò rí róbótó rárá, igun mẹ́ta ni ó ní, ó sì máa ń nà síta gbogbo bí ó ti wù kí wọ́n yà á tó. Àárín àwọn ọmọ òyìnbó tí irun wọn funfun ni wọ́n ti sábà máa ń rí i. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tí Yunifásítì Bonn ní ilẹ̀ Jámánì ṣe agbátẹrù wọn kéde jíìnì mẹ́ta tó ń fà á. Òun náà kì í ṣe ewu, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí ọmọ bá ti ń dàgbà.

IRUN TÓ RÍ BÍ ỌPARUN

Àìsàn mìíràn wà tí okùn irun inú rẹ̀ ní oríkèé bí ọparun, tí apá kan irun wọ inú apá kejì bí ìgbà tí páìpù bá wọ inú páìpù. Netherton ni wọ́n ń pè é, nítorí Earl Netherton, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ṣàpèjúwe rẹ̀ lára ọmọbìnrin kan ní 1958. Ní 2000 ni wọ́n rí jíìnì tó ń fà á.

Irun nìkan kọ́ ni Netherton ń bá jà. Láti ọjọ́ ìbí ni awọ ọmọ náà ti máa ń pọ́n, tí yóò sì máa bó. Omi ara rẹ̀ máa ń gba ojú awọ lọ, kòkòrò sì máa ń ráyè wọlé, èyí sì lè pa ìkókó. Ewu mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tó kan àwọn ará Èkó gan-an. Awọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn mọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá fi pa á ló máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àwọn ìpara alágbára tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà fún èékú, ara yíyún àti ìbóra lè di májèlé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ pọ́n, tí irun rẹ̀ sì ń ṣẹ́, kò gbọdọ̀ fi ìpara kankan dán an wò kí dókítà tó rí i.

OHUN TÍ ÀGÙNTÀN FI HAN DÓKÍTÀ

Ọ̀kan nínú àwọn àìsàn irun tó burú jù ni ti Menkes. Ní 1962, John Menkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York sọ nípa ọmọkùnrin 5 láti inú ìdílé kan ṣoṣo. Ara wọn dá nígbà tí wọ́n bí wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, ọrùn wọn kò gbà mọ́, wọn kò dàgbà, irun wọn sì lọ́ bí wáyà, ó ṣì, ó sì ń ṣẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó fà á.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1972, David Danks, dókítà àwọn ọmọdé ní Melbourne ní Australia, wo irun irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì rántí ohun tí àwọn darandaran ilẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Bí àgùntàn bá ń jẹ koríko tó hù lórí ilẹ̀ tí bàbà kò tó nínú rẹ̀, irun rẹ̀ kì í wé dáadáa mọ́, yóò le, yóò sì dà bí wáyà. Danks yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò, ó sì rí i pé bàbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bàbà wà nínú oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n inú ìfun ni ó ń há sí, kò lè kọjá sínú ara. Bàbà ni ara sì fi ń so imí ọjọ́ inú irun pọ̀, òun náà ni ọpọlọ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Jíìnì tó yẹ kó máa gbé bàbà kọjá, tí wọ́n ń pè ní ATP7A, ni wọ́n rí ní 1993.

Nínú àìsàn yìí, ọjọ́ kan ṣoṣo níye lórí. Oúnjẹ tó ní bàbà kò wúlò fún ọmọ náà nítorí ìfun kò ní gbà á wọlé, abẹ́rẹ́ bàbà ni wọ́n máa ń fún un. Abẹ́rẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ, kí gìrì tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìdílé tí ọmọkùnrin ti kú sí lọ́wọ́ rí pẹ̀lú gìrì àti irun tó lọ́ bí wáyà gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà nígbà tí oyún mìíràn bá wà nínú. Wọn kò gbọdọ̀ pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú kí wọ́n sì dákẹ́.

ERÉKÙṢÙ TÍ IRUN TI Ń SỌ̀RỌ̀ NÍPA ỌKÀN

Lórí erékùṣù mìíràn, tí ó jìnnà sí Snake Island, ni ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù nípa ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Naxos ni orúkọ rẹ̀, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ní 1986, dókítà Nikos Protonotarios àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ìdílé kan níbẹ̀ tí àmì mẹ́ta ń hàn lára àwọn ọmọ wọn. Irun wọn wé bí irun àgùntàn láti ọjọ́ ìbí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rákò tí wọ́n sì ń rìn, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn nípọn, ó sì le. Bí wọ́n bá dàgbà tán, ọkàn wọn kì í lù déédéé mọ́, òmíràn nínú wọn a sì máa ṣubú kú lójijì.

Ní 2000 ni wọ́n rí jíìnì tó so àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Jíìnì yìí ló ń ṣe èròjà tí àwọn ẹyọ ara fi ń lẹ̀ mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí símẹ́ǹtì ṣe ń mú búlọ́ọ̀kù dúró lórí ara wọn. Ibi tí wàhálà ti ń bá ara jù ni símẹ́ǹtì tí kò dára ti máa ń hàn: irun tí wọ́n ń fà, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń ru ẹrù, àti ọkàn tí kì í sinmi tọ̀sán-tòru. Ní 1998, Luis Carvajal-Huerta ṣàpèjúwe àìsàn tó jọ ọ́ ní ilẹ̀ Ecuador.

Irun gbogbo ọmọ dúdú ló wé, nítorí náà irun nìkan kò lè sọ irú ìtàn yìí ní Àpápá tàbí ní Ajégúnlẹ̀. Ohun tí òbí lè wò ni bóyá irun ọmọ náà yàtọ̀ gédégbé sí ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, bóyá àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le bí ti àgbẹ̀ láti kékeré, àti bóyá ó máa ń dákú nígbà tó bá sáré tàbí tó bá ń ṣeré. Ọmọ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sí lára gbọ́dọ̀ rí dókítà ọkàn. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, oògùn wà tí wọ́n fi ń mú lílù ọkàn tò, ẹ̀rọ kékeré sì wà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ tí yóò jí ọkàn bí ó bá fẹ́ dúró.

KÒ SÍ Ẹ̀ṢẸ̀ LỌ́RÙN ÌYÁ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó ló ti mọ ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjọ kì í so tọkọtaya pọ̀ mọ́ láì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹni tó bá lóye èyí ti lóye púpọ̀ nínú bí àìsàn irun ṣe ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Àìsàn Netherton àti ti Naxos ń rìn lọ́nà tí ẹ̀jẹ̀ SS ń gbà rìn. Bàbá àti ìyá ní ẹyọ jíìnì alábùkù kọ̀ọ̀kan, ara wọn sì dá ṣáká. Bí ọmọ bá gba ti méjèèjì, àìsàn yóò hàn. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó wà pé èyí yóò ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí monilethrix sábà máa ń gbà yàtọ̀: jíìnì kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó, ìdajì sì ni ó wà pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbà á. Ti Menkes jẹ́ tirẹ̀. Ìyá ló sábà máa ń gbé e láì mọ̀, ara tirẹ̀ yóò dá, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sì ni ó máa ń mú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, jíìnì lè ṣàdédé yí padà lára ọmọ, kí ó má sì sí irú rẹ̀ rí ní ìdílé bàbá tàbí ti ìyá.

Kò sí oúnjẹ tí aboyún jẹ tàbí ibi tó rìn dé tó ń fa èyíkéyìí nínú wọn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ìyá ni ó gbà wá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ AS kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ní in. Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú tuulu. Bí irun ọmọ bá ṣe rí kò sọ nǹkan kan nípa ìpín tí ó yàn wáyé.

Àṣà Yorùbá kan tilẹ̀ wà tó ń dáàbò bo àwọn ọmọ lọ́wọ́ irú àwọn àìsàn yìí. Yorùbá kì í fẹ́ ìbátan. Wọ́n máa ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn, èyí sì ń dín bí àwọn méjì tó ní irú àbùkù kan náà yóò ṣe máa pàdé kù.

KÌ Í ṢE GBOGBO IRUN TÓ Ń ṢẸ́ LÓ JẸ́ ÀJOGÚNBÁ

Àwọn àìsàn tí wọ́n ń bí mọ́ ènìyàn yìí ṣọ̀wọ́n. Ohun tó sábà máa ń ba irun ọmọ jẹ́ ní Nàìjíríà kò jìnnà. Àkọ́kọ́ ni àìtó oúnjẹ. Ní 1933, Cicely Williams, dókítà tí wọ́n bí ní Jamaica, kọ̀wé láti Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, nípa àwọn ọmọ tí ara wọn ń wú, tí irun wọn sì pọ́n tí ó sì fúyẹ́. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gà ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, èyí tó jẹ mọ́ ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé. Irun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń padà bọ̀ sípò bí ó bá ń jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá jíìnì kiri nígbà tí ebi ń pa ọmọ.

Ìkejì ni làpálàpá, tí oògùn ń wò. Ìkẹta ni ọwọ́ ènìyàn: irun tí wọ́n dì le koko títí iwájú orí fi pá, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń na irun, àti òòyà gbígbóná. Ọ̀nà tí wọn yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìbéèrè kan ṣoṣo: ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Irun tó gùn rí kí ó tó bàjẹ́ kì í sábà jẹ́ àjogúnbá. Èyí tí kò gùn rí láti kékeré ni kí wọ́n fura sí.

OHUN TÓ YẸ KÍ ÒBÍ ṢE

Àwọn onídìrí ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Onídìrí tó bá ń dirun fún àwọn ọmọdé ní Ajégúnlẹ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí irun ọmọ kan bá ń já sí i lọ́wọ́ tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì já. Kí ó sọ fún ìyá ọmọ náà ní kọ̀rọ̀, kí ó má sì fi kẹ́míkà kàn án.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò wọ́n. Máíkíróskóòpù tí wọ́n fi ń wo kòkòrò ibà náà lè fi ìlẹ̀kẹ̀, oríkèé ọparun àti irun tó lọ́ hàn. Dókítà yóò gé okùn irun díẹ̀ lórí ọmọ, yóò sì tẹ́ wọn sábẹ́ rẹ̀. Ìyá tó ń ti Snake Island bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba Ajeromi ní Ajégúnlẹ̀, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ darí rẹ̀ sí àwọn dókítà awọ ara ní LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà bí ọ̀rọ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó mú ọmọ yòókù lọ́wọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì mọ ìtàn ìdílé bàbá àti ti ìyá.

Bí ọmọ bá ń jẹun, tí ó ń ṣeré, tí ara rẹ̀ dá, tí irun nìkan sì ń ṣẹ́, kò sí ìkánjú. Wọ́n lè dúró di ọjọ́ tí owó ọkọ̀ bá wà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá bá irun náà rìn, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ṣí láàárọ̀ má fi ìyá náà sílẹ̀: gìrì tàbí ọrùn tí kò gbà, awọ tó pọ́n tó sì ń bó lára ìkókó, ọmọ tó ń dákú, tàbí ọmọ tí kò dàgbà rárá. Ọmọ tó ti dákú tàbí tí gìrì mú kò tilẹ̀ ní dúró de òwúrọ̀.

Kò tíì sí oògùn tó ń wo irun tí àbùkù rẹ̀ ti inú jíìnì wá sàn pátápátá. Ìtọ́jú ló wà. Kí wọ́n gé irun náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi omi àti òróró rọ̀ ọ́ kí òòyà tó kàn án, kí eyín òòyà náà fẹ̀, kí wọ́n má dì í le, kí iná àti kẹ́míkà má sì kàn án. Fìlà tàbí gèlè kékeré yóò gba orí náà lọ́wọ́ oòrùn, yóò sì gba ọmọ lọ́wọ́ ojú àwọn tó ń wò ó. Olùkọ́ tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì lè sọ fún àwọn yòókù pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kí ó sì pa ẹ̀fẹ̀ náà lẹ́nu.

Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Bí ìdílé kò bá tètè wádìí ohun tó ń ṣe irun ọmọ, ìyá tó bí i ni wọn yóò sọ di ọ̀daràn. Okùn irun mélòó kan lábẹ́ máíkíróskóòpù lè gba ìyá náà sílẹ̀, wọ́n sì lè gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ là.